Oúnjẹ Ọ̀sán Nílé Ìyá Hanh

Ethan ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú òkùnkùn, èkejì ṣì wà nínú oòrùn níta, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Ó fi ọwọ́ ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ kí ògiri kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró.

Fẹ́yìsayọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, Mísítà Ethan. Ẹ máa tẹ̀ lé iná. Bí ilé bá fẹ́ wó, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ fún yín."

Inú odi àtijọ́ kan ni wọ́n wà, Fort Washington, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ sẹ́bàá odò Potomac láyé ogun àwọn baba ńlá wọn, tí ìjọba wá sọ di ibi ìgbafẹ́. Láti District Heights, ìlú tí Fẹ́yìsayọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìrìn ààbọ̀ wákàtí ni pẹ̀lú mọ́tò. Àwọn yàrá bíríkì kan wà nínú rẹ̀ tó ṣókùnkùn biribiri, tí òrùlé wọn sì lọ sílẹ̀. Àwọn yàrá yẹn gan-an ni Fẹ́yìsayọ̀ torí rẹ̀ jí lówùúrọ̀ Sátidé.

Nítorí ní oṣù Kejìlá ọdún 1997 yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun ni yóò kó èèyàn mẹ́ta lọ sí Vietnam. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìrìnàjò náà ló ń kọ ọ́ lóminú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn yóò wọ àwọn ihò tí jagunjagun ibẹ̀ gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ nígbà ogun. Lọ́sàn-án, wọn yóò wọ ọkọ̀ lórí odò Mekong, kí wọ́n lè rí bí èèyàn ṣe ń gbé lórí omi, tí wọ́n ń tajà lórí omi, tí wọ́n sì ń tọ́mọ lórí omi. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ dán ọjọ́ náà wò nílé. Odi yóò dúró fún ihò, ẹ̀ka odò tó ṣàn kọjá nísàlẹ̀ odi yóò sì dúró fún Mekong.

Níkẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nọ́ọ̀sì ni Níkẹ́, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan náà ni òun àti Fẹ́yìsayọ̀ wà, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó ń lọ. Tààrà láti night duty ló ti wá, bàtà funfun ilé ìwòsàn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Àǹtí Fẹ́yì, ṣé rehearsal la tún máa ń ṣe fún excursion ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Choir ń ṣe rehearsal, mi ò rí i kó o fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ọ́fíìsì oníyàrá kan ni Fẹ́yìsayọ̀ ní ní District Heights, níbi tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù fáwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti wà níbẹ̀. Kò sí ìjọ àwọn ará ilé kankan ní Prince George's County tí wọn kò ti há nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí. Bí ìyá ẹnì kan bá dákẹ́ ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ rẹ̀ á ti wà nínú bàlúù lọ́jọ́ Sátidé, nítorí Fẹ́yìsayọ̀ kì í gbà pé ohun kan kò ṣeé ṣe. "Ó ti parí" ni tirẹ̀. Ẹ ò tíì ro ẹjọ́ yín délẹ̀, á ti ní ó ti parí, á sì ti gbé fóònù.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni Ethan kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọkùnrin dúdú tó ga ni, onílé ní District Heights, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì Saigon, ní Vietnam. Fẹ́yìsayọ̀, tó jẹ́ pé ọ̀nà Èkó nìkan ló mọ̀, ní ó ti parí. Kó tó gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ọkùnrin náà ti jáde. Ó tún padà wá, ó tún jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ. Gbogbo ohun tó sọ kò ju pé òun ti ṣe sójà lórí odò Mekong nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àti pé òun fẹ́ tún un rí. Nígbà karùn-ún, Fẹ́yìsayọ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì pa, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ pé dídá lọ ni kò wù ú, àwọn á jọ lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ̀rọ̀ Ethan di ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí kò bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, kò ní lọ mọ́ láyé, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Fẹ́yìsayọ̀ kò sọ fún un. Ẹni tó máa mú wọn kiri ní Vietnam ni Hanh, ọmọbìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìrẹsì ní yunifásítì tó wà ní College Park, tó ń lọ sílé lọ lo ìsinmi Kérésìmesì. Létí odò Mekong ni ilé ìyá rẹ̀ wà, lórí òpó, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Fẹ́yìsayọ̀ fẹ́ràn oúnjẹ ọ̀sán yìí ju gbogbo ètò yòókù lọ. Èèyàn lè wo ilé títí kó má mọ onílé, àmọ́ bó bá ti jẹun níbẹ̀, ó ti di ará ilé nìyẹn. Àfi pé opó ni ìyá náà. Ogun ló pa ọkọ rẹ̀, lórí odò yẹn gan-an. Hanh ti sọ ọ́ fún Fẹ́yìsayọ̀ lórí fóònù látinú oṣù Keje, ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fẹ́yìsayọ̀ sì bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò sọ pé ọ̀kan nínú àwọn àlejò ti ru ìbọn níbẹ̀ rí. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sọ fún ara rẹ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí kálukú di ẹyin tirẹ̀ mú, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Ethan gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé.

Wọ́n rìn nínú òkùnkùn náà, wọ́n ń tẹrí ba, ọ̀rinrin ń rùn lára ògiri. Akínlọ́lá ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni ẹnì kẹta nínú àwọn tó ń lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Suitland, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ka iye èèyàn orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó fẹ́ mọ iye sójà tó ń sun yàrá kan. Ó fẹ́ mọ iye bíríkì. Hanh, tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, rẹ́rìn-ín, ó ní nínú ihò ti ọ̀dọ̀ àwọn, Akínlọ́lá kò ní rí àyè ka nǹkan kan, bí ikùn rẹ̀ ṣe máa kọjá ni yóò máa rò.

Nígbà tí wọ́n jáde sínú oòrùn, Níkẹ́ wé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá Ethan, ó fún rọ́bà rẹ̀, ó tẹ́tí. "Ẹ̀jẹ̀ yín dára ju tèmi lọ, sir."

"Mo sọ ọ́!" Fẹ́yìsayọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ṣé mi ò sọ ọ́? Ihò ti parí."

Ethan ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ bọ̀ sílẹ̀. "Kì í ṣe ihò, Mísì Fẹ́yì. Mi ò wọ ihò kankan nígbà ogun. Orí omi ni mo wà."

"Omi ló kàn nígbà náà," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí, ó sì ṣáájú wọn sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń háyà ọkọ̀.

Ọkọ̀ onígi pẹlẹbẹ ni, alájẹ̀ méjì, ó gba èèyàn márùn-ún pẹ́kípẹ́kí. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ti Akínlọ́lá kò dé ibi ìdí rẹ̀, ó ń fà á wálẹ̀ títí. Hanh àti Ethan jókòó láàárín, wọ́n mú àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó kọjú sí wọn, Níkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Akínlọ́lá níwájú ọkọ̀. Ewé igi ti ń pọ́n létí omi, afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀, ọwọ́ Ethan sì mọ iṣẹ́ náà. Kò wo àjẹ̀ rárá. Inú Fẹ́yìsayọ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ lábẹ́ ohùn.

Hanh ń sọ̀rọ̀ ọjà orí omi fún wọn. Ó ní ẹni tó bá ń ta ọ̀pẹ̀yìnbó á so ọ̀pẹ̀yìnbó kan kọ́ sórí òpó gígùn níwájú ọkọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń ta kùkúǹdùkú á so kùkúǹdùkú kọ́, tí oníbàárà á fi mọ̀ láti òkèèrè. Bó bá jẹ́ ewé lásán ló wà lórí òpó, a jẹ́ pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà.

"Bí wọ́n bá wá sá ṣòkòtò síbẹ̀ ńkọ́?" ni Akínlọ́lá béèrè.

"Ṣòkòtò kì í ṣe títà, sir."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ethan náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo rántí àwọn òpó yẹn. A kì í mọ ohun tí wọ́n wà fún. A máa ń rò pé wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn nípa wa ni."

Hanh dá àjẹ̀ dúró. "Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa rí?"

"Ọjọ́ ti pẹ́!" Fẹ́yìsayọ̀ ti já ọ̀rọ̀ gbà kí Ethan tó yanu. "Hanh, o ò tíì sọ fún wọn nípa oúnjẹ. Kí ni màmá fẹ́ sè fún wa?"

Hanh wò ó, ó tún wo Ethan. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó dáhùn ìbéèrè àgbà. Ó ní ẹja lódidi ni, tí wọ́n din gbẹ, àti ọbẹ̀ tó kan díẹ̀, ìyá òun sì ti ń fi ẹja náà pamọ́ sínú àgò lábẹ́ ilé, ó ń bọ́ ọ kó lè sanra dìgbà tí àlejò bá dé.

"Bàbá yín ńkọ́?" ni Ethan béèrè. "Ṣé apẹja ni?"

Fẹ́yìsayọ̀ di etí ọkọ̀ mú.

"Àgbọn ni bàbá mi ń tà," Hanh wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó kú ní 1969, ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n bí mi. Ó ń kó àgbọn lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ àwọn sójà ní kó dúró. Omi ń ṣàn gan-an, kò lè tètè dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n yìnbọn."

Ethan gbé àjẹ̀ rẹ̀ kúrò lómi. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, omi ń kán láti ara rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Hanh nìkan ló ń wò.

"Èmi ni mo wà nídìí ìbọn ọkọ̀ wa ní 1969. Oṣù Kẹta títí dé oṣù Kọkànlá. Láàárọ̀ kùtùkùtù la máa ń dá ọkọ̀ dúró. Àwọn kan dúró. Àwọn kan kò dúró." Ó nu ojú. "Ọkọ̀ wa nìkan kọ́ ló wà lórí odò. Mi ò mọ̀ bóyá ti bàbá yín wà nínú wọn. Mi ò lè mọ̀ láé."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Fẹ́yìsayọ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé opó ni ìyá Hanh?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì fẹ́ kí n jókòó nílé rẹ̀, kí n jẹ ẹja tó ti ń bọ́."

"A lè jẹun níbòmíràn," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí kíákíá. "Ilé oúnjẹ pọ̀ létí odò yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ó ti..." Àmọ́ ìyókù kò jáde.

"Mi ò lọ mọ́," Ethan wí. Kò bínú, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká padà sétí omi."

Níkẹ́ fẹnu sí Fẹ́yìsayọ̀ létí ní Yorùbá. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, this one is not ticket o. Ẹ dákẹ́ díẹ̀."

Ojú ti Fẹ́yìsayọ̀. Ó pẹ́ tí ojú ti tì í bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wà á, ó sì ń wo ojú Ethan, ojú náà kò sì ṣàjèjì sí i. Bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Fẹ́yìsayọ̀ nígbà tí lọ́rì tí bàbá rẹ̀ ń wà gbá ọmọ kan pa lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá fi wà nínú yàrá, kò jẹun. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó gba Ghana lọ. Bàbá Nọ́fíù ló wá, télọ̀ tó wà lójúlé kejì, tí kò bá wọn tan lọ́nàkọnà. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, àgbà ní í síwájú rẹ̀. Ó síwájú lóòótọ́. Fẹ́yìsayọ̀ tẹ̀ lé wọn láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó rí bí arúgbó yẹn ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku lẹ́nu ọ̀nà ìyá ọmọ, bàbá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, arúgbó náà ló sì ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé òun gan-an ló wa lọ́rì. Oòrùn mú. Obìnrin náà kò sọ pé òun dárí jì wọ́n. Nígbà tó pẹ́, ó kàn ní, "Ẹ dìde." Ọ̀rọ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ fi gbé ìyókù ayé rẹ̀.

Òun wá rèé, òun Fẹ́yìsayọ̀, tó lóun fẹ́ mú ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ sílé onílé, oúnjẹ ló lọ bá wọn ṣètò.

Ó yọ́ kúrò lórí ìjókòó, ó sì kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. "Jésù!" Akínlọ́lá di igi mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Madam, ṣé ẹ fẹ́ dà wá sómi ni?"

Omi tó ti wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ń rin ṣòkòtò Fẹ́yìsayọ̀, ó tutù bíi yìnyín. Orúnkún rẹ̀ kan ẹsẹ̀ Hanh, ọmọ tí òun ìbá bí. Hanh na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ ọ́," Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Mo mọ̀ pé ó ṣe sójà níbẹ̀, mi ò sọ fún ọ. Mo mọ̀ nípa bàbá rẹ, mi ò sọ fún un. Bí ẹrù fàyàwọ́ ni mo fẹ́ gbé e wọlé ìyá rẹ. Jọ̀ọ́, má bínú." Ó nawọ́ sí Ethan. "Mi ò ní kó o dárí jì í. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mò ń bẹ̀ ni pé kó o kọ̀wé sí màmá. Kó o sọ ẹni tó jẹ́ fún wọn, àti iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Èmi náà á kọ tèmi mọ́ ọn, wàá bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò wá wo odò. Ó wá bẹ̀bẹ̀ ni, òun gan-an kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí màmá bá ní ká má wá, a ò ní wá."

Níkẹ́ yíjú wò ó. Kò tíì gbọ́ irú èyí lẹ́nu Fẹ́yìsayọ̀ rí.

Hanh wo omi. "Lẹ́tà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó débẹ̀," ó wí.

"Mo gbọ́."

"Ìyá mi lè ní rárá."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n sì lè máà dáhùn rárá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọdún yẹn. Èmi pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́ fún mi."

Fẹ́yìsayọ̀ ní èsì, ó ní èsì mẹ́ta tó dára, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé wọn mì.

Hanh yíjú sí Ethan. Omijé wà lójú rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ dúró. "Kí ni kí n sọ pé ẹ ń jẹ́? Lódidi. Wọ́n máa béèrè orúkọ bàbá yín, àti ilé yín."

Ethan dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, ó tún jókòó. "Ethan Pinkney. Josiah Pinkney ni bàbá mi. Aquasco ni wọ́n bí mi sí, ní ìsàlẹ̀ County yìí, nínú oko tábà. Oko ẹni ẹlẹ́ni ni." Ó rò ó wò. "Ẹ sọ fún wọn pé ìyá mi náà máa ń din ẹja. Rárá, ẹ má sọ ìyẹn. Ẹ kàn sọ orúkọ."

Hanh ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀, Pinkney, Josiah, Aquasco, kó má báa gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló ti àjẹ̀ rẹ̀ bọmi, ó sì dúró. Ethan wo àjẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé e, ó tì í bọmi, àwọn méjèèjì jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì tọ́.

Níkẹ́ fọwọ́ kan èjìká Fẹ́yìsayọ̀. "Àǹtí, ẹ dìde jàre, omi ti rin yín gbindin. Ọmọ yìí ò mọ̀ pé òun ló yẹ kó ní kẹ́ ẹ dìde."

"Mo mọ̀ pé kò mọ̀."

"Kí wá lẹ ń dúró dè?"

Fẹ́yìsayọ̀ ti rí i báyìí pé ẹni tó lè ní kí òun dìde kò sí nínú ọkọ̀ yìí. Lákòókò yìí, ìyá Hanh yóò máa sùn nílé rẹ̀ lórí òpó ní òdìkejì ayé, kò sì tíì gbọ́ rárá pé ẹnì kan wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òun. Orúnkún ń dun Fẹ́yìsayọ̀. Etí omi ń súnmọ́, Akínlọ́lá ti ń wá okùn tí wọn yóò fi so ọkọ̀, òun sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi dé èbúté.